Àtẹ̀jíṣẹ́ Lókè Sàhárà: Àyẹ̀wò CPDLC àti Rédíò Òfurufú tí Ń Bọ̀

Ní nǹkan bí aago méjì òru, nígbà tí a ti fi etí òkun Algeria sílẹ̀ sẹ́yìn, tí aṣálẹ̀ Sàhárà sì tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ wa láìsí iná kan ṣoṣo, aago kékeré kan dún ní iwájú ọkọ̀ òfurufú wa. Ọ̀rọ̀ tí ó yọ lójú ẹ̀rọ kò ju mẹ́ta lọ: CLIMB TO FL370. Igbákejì mi, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ó máa ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n nígbà tí ó bá ku àwa méjèèjì, kà á sókè, èmi náà sì fi ojú ara mi kà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fún wa ní gíga tí a bèèrè." Mo ní kí ó gbà á. Ó tẹ ibi tí a kọ WILCO sí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a ti gbọ́, a ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti 35,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ sí 37,000. Kò sí ẹni tí ó pariwo, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ẹnìkejì tún ọ̀rọ̀ sọ.

Iṣẹ́ tí ó gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn wá ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. CPDLC ni àwa tí à ń lò ó ń pè é. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń fi fóònù ṣe, àmọ́ láàárín awakọ̀ òfurufú àti adarí tí ó wà nílẹ̀ nìkan ni, a sì ti ka iye gbólóhùn tí ó lè gbà kọjá, a ti tò wọ́n sílẹ̀, gbogbo ayé sì ti fẹnu kò lórí ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ti ń lò ó fún ọdún mọ́kànlá, lórí Sàhárà, lórí òkun Àtìláńtíìkì, àti lórí ilẹ̀ Yúróòpù. Mo sì ti fò lórí aṣálẹ̀ kan náà nígbà tí kò sí i nínú ọkọ̀ tí mo ń wà, nítorí náà mo mọ ohun tí ó rọ́pò.

Ohun tí ó rọ́pò náà ni HF, rédíò ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Rédíò òfurufú tí a ń lò nítòsí ìlú, VHF, èyí tí ó wà láàárín 118 sí 136.975 MHz, kì í tẹ̀ kọrọ. Ibi tí ojú òpó rédíò bá lè rí ọkọ̀ dé ni ohùn rẹ̀ ń dé. Bí ọkọ̀ bá wà ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn kò ju nǹkan bí 400 kìlómítà lọ. Ta ni yóò gbin òpó rédíò sí àárín iyanrìn tàbí sórí omi ní gbogbo 400 kìlómítà? HF ni ó lè rin ọ̀nà jíjìn, nítorí pé ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ ni ó ń da ìgbì rẹ̀ padà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kì í dúró síbì kan náà. Ìkànnì tí ó mọ́ lọ́sàn-án kò ní mọ́ lóru, ìkànnì tí o gbọ́ Niamey lórí rẹ̀ ní àná lè máà gbé nǹkan kan wá lónìí ju híhó bí ẹ̀bá tí omi rẹ̀ kò jinná. Mo rántí òru kan tí mo pe ibùdó kan fún ogójì ìṣẹ́jú kí n tó rí ẹni dáhùn, nígbà tí wọ́n sì dáhùn, ìdajì ọ̀rọ̀ wọn ni mo gbọ́. Ọkọ̀ òfurufú ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ni ó bá mi gba iṣẹ́ náà tí ó sì tún un jẹ́ fún mi.

Nítorí pé kò sí etí tí ó lè gbọ́ ariwo yẹn fún wákàtí mẹ́ta láìrẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣe ohun kan tí a ń pè ní SELCAL. Ibùdó tí ó wà nílẹ̀ yóò fi àwọn ohùn kan ránṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ọkọ̀ rẹ nìkan, aago yóò dún lọ́dọ̀ rẹ, ìwọ yóò sì gbé agbọ́rọ̀ sétí. Ó máa ń rán mi létí bí onílù ṣe ń fi oríkì pe ẹnì kan ṣoṣo láàárín agbo tí onítọ̀hún á sì mọ̀ pé òun ni. Ohun tí ó dára ni, ó sì wà nínú ọkọ̀ wa títí di òní.

Ìlù ló tún yẹ kí n fi ṣàlàyé ìdí tí a fi ka iye gbólóhùn CPDLC. Gángan kò ní kọ́ńsónáǹtì. Dò, re, mí nìkan ni ó ń gbé. Bí àyàn bá fi ìlù pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni a lè gbọ́ nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi ń lo gbólóhùn gígùn tí gbogbo etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Rédíò òfurufú rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ariwo ń jẹ kọ́ńsónáǹtì, oríṣiríṣi ènìyàn ló ń fi ahọ́n oríṣiríṣi sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ "to" àti nọ́ńbà "two" sì jẹ́ ohun kan náà létí. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni a ti ń fi gbólóhùn àtòsílẹ̀ àti àtúnkà dí ihò yìí, adarí yóò sọ, awakọ̀ yóò tún un sọ padà, adarí yóò sì fetí sí àtúnsọ náà. Síbẹ̀ ihò náà kò dí tán.

Ibi tí ó ti hàn jù lọ ni Tenerife, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977. Ìkùukùu bo pápákọ̀ Los Rodeos, ọkọ̀ Boeing 747 méjì, ti KLM àti ti Pan Am, wà lójú ọ̀nà ìgbéra kan náà. Ti KLM ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra. Adarí ní kí ó dúró de òun, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà ni awọn ti Pan Am ń sọ pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà, ohùn méjèèjì kọlu ara wọn lórí ìkànnì, ohun tí awakọ̀ KLM sì gbọ́ ni fèrè kan tí ó ń han létí. Ènìyàn 583 ni ó kú. Ìpinnu awakọ̀ àti ìkùukùu wà lára ohun tí ó fà á, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ fèrè yẹn, a sì ń gbọ́ ọ ní ọjọ́ gbogbo, àyà mi máa ń já. AM ni rédíò òfurufú ṣì ń lò títí di àkókò yìí, bíi ti rédíò àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ń gbé sétí láti gbọ́ ìròyìn, a sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ FM ni, ohùn tí ó lágbára yóò gbé èyí tí kò lágbára mì, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé ẹnìkan tún sọ̀rọ̀. Fèrè yẹn ni ó ń sọ fún wa pé a ti pàdánù ọ̀rọ̀.

Inú àtẹ̀jíṣẹ́ kò sí fèrè. Ọ̀rọ̀ méjì kì í kọlu ara wọn. Èyí tí ó dé kẹ́yìn yóò tò sẹ́yìn èyí tí ó kọ́kọ́ dé. Ọ̀rọ̀ tí o kà kò ní pòórá, o lè tún un kà, o sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Ọmọ Naijiria tí ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú adarí ará Algeria tí ó gbọ́ Faransé àti Lárúbáwá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ kò ní máa fòyà pé ahọ́n òun ṣe yẹ̀yẹ́ òun. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé ojú àwa méjèèjì ni ó ń kà á. Nínú ohùn, bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, tí igbákejì mi sì ń mu omi lọ́wọ́ ní àkókò yẹn, àṣìgbọ́ ti di ti àwa méjèèjì.

Ètò náà kì í ṣe ohun tuntun. ACARS, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ń gbà, ti wà láti 1978, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fi rán ìròyìn ara wọn sí ara wọn. Ní 1995 ni Boeing 747-400 bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti awakọ̀ àti adarí, tí a ń pè ní FANS 1, rin òkun Pàsífíìkì ní gúúsù. Airbus ṣe tirẹ̀, ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi di FANS 1/A. Bí òpó rédíò bá wà nítòsí, VHF ni yóò gbé iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí, sátẹ́láìtì Inmarsat tí ó dúró lókè ìlà agbedeméjì ayé ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà, tàbí ti Iridium, tí ó jẹ́ 66, tí wọ́n ń yí ayé po nítòsí tí wọ́n sì ń dé orí òpin ayé ní àríwá àti gúúsù, ni yóò gbé e. Awakọ̀ kì í mọ èyí tí ó gbé e, kò sì pọn dandan kí ó mọ̀.

Lílò rẹ̀ kò le. Kí a tó wọ àgbègbè òfurufú kan, a ó tẹ lẹ́tà mẹ́rin tí ó jẹ́ orúkọ ibùdó náà, DAAA fún Algiers, DRRR fún Niamey, GOOO fún apá òkun Dakar, a ó sì fi orúkọ ọkọ̀ wa ránṣẹ́. Bí ibùdó náà bá rí ìwé ètò ìrìnàjò wa lọ́wọ́ ara rẹ̀, tí orúkọ inú rẹ̀ sì bá èyí tí a fi ránṣẹ́ mu, yóò gbà wá. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀rọ yóò máa sọ ibi tí a wà fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mélòó kan sí ara wọn, àwa náà yóò sì máa bèèrè gíga, ìyípadà ọ̀nà nítorí òjò, tàbí ohun mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé ètò ìrìnàjò yẹn sọ́kàn. Mo máa padà sí i.

Ibi tí mo ti rí i tí ó wú mi lórí jù kì í ṣe ojú òkun rárá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, lójú ilẹ̀ pápákọ̀, kí a tó gbéra. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀, ìjì lè gbéra lọ́sàn-án kí ó sì dí gbogbo ọ̀nà àbájáde ìlú kan, ọkọ̀ ogún ni yóò sì nílò ọ̀nà tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́lẹ̀ rí, adarí yóò ka orúkọ ibi méje tàbí mẹ́jọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò kà á padà, ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe yóò tún un ṣe, àwọn tó kù yóò sì máa dúró. Nísinsìnyí, ní pápákọ̀ tí ó ju 60 lọ lórílẹ̀-èdè náà, ọ̀nà tuntun yóò yọ lójú ẹ̀rọ, a ó kà á, a ó tẹ bọ́tìnnì kan, yóò sì wọ inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ láìsí pé a fi ìka tẹ lẹ́tà kan. Ohun tí a ń fi ogún ìṣẹ́jú ṣe di ohun ìṣẹ́jú méjì. Bí a bá ní kí n fi máàkì sí iṣẹ́ yìí lápapọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo máa fún un, àmọ́ tí ó bá jẹ́ ti orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹn nìkan ni, n kò ní yọ nǹkan kan kúrò.

Máàkì kan tí mo yọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Àkọ́kọ́ ni pé àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà ní ọ̀nà tirẹ̀. Adarí lè kọ pé, nígbà tí a bá dé ibi báyìí, kí a gun òkè lọ sí ibi báyìí. Ojú tí ó ti rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí yóò fo "nígbà tí" kọjá, yóò rí gíga tuntun náà, yóò sì gòkè lójú ẹsẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìwé ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọkọ̀ òfurufú, sì kìlọ̀ nípa rẹ̀. Nínú ohùn, adarí máa ń tẹ ohùn mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì. Nínú ìwé, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ga dọ́gba. Òfin tí èmi fi ń ṣe é ni pé ẹni tí ó bá kà á gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ ohun tí ọkọ̀ yóò ṣe àti ìgbà tí yóò ṣe é, kí ẹnìkejì tó tẹ WILCO.

Èkejì ni pé ó lè pẹ́ lọ́nà. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ yìí lórí òkun, tí wọ́n ń pè ní RCP 240, gbà pé kí ọ̀rọ̀ kan lọ kí èsì rẹ̀ sì padà dé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 240, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lórí òkun tí ọkọ̀ méjì jìnnà sí ara wọn, ìyẹn tó. Nítòsí Èkó, níbi tí ọkọ̀ kan ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìkejì, ìṣẹ́jú mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ kan. Ní orílẹ̀-èdè kan tí n kò ní dárúkọ, a bèèrè pé kí a yà sọ́wọ́ ọ̀tún nítorí òjò, èsì kò dé, a fi ohùn bèèrè, wọ́n gbà fún wa, a ti yà, a ti kọjá òjò, a ti padà sójú ọ̀nà, kí àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dé pé kí a yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Bí a bá jẹ́ aláìfiyèsí, à bá tún yà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo aago tí ó wà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kí n tó wo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù. Lórí ìkànnì ohùn, gbogbo wa ni à ń gbọ́ ara wa. Bí ẹni tí ó wà níwájú bá ní afẹ́fẹ́ ń gbo ọkọ̀ òun jìgìjìgì, mo ti di ìgbànú àwọn èrò mi kí n tó débẹ̀. Bí adarí bá fún ẹlòmíràn ní gíga tí mo wà, èmi náà lè fọhùn. Ìmọ̀ àjọní yìí ti gba ẹ̀mí là, kò sì sí nínú àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹni kan pẹ̀lú ẹni kan ni.

N kò ní pẹ́ lórí pé irú CPDLC méjì ni ó wà, tí èdè wọn sì yàtọ̀. Irú èyí tí Yúróòpù fi pọn dandan fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń fò kọjá 28,500 ẹsẹ̀ bàtà láti oṣù kejì ọdún 2020 kì í ṣe FANS 1/A, ó sì dà bí ẹ̀ka èdè méjì tí wọ́n jọra ṣùgbọ́n tí wọn kò gbọ́ ara wọn yé. Ilé-iṣẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ síbi méjèèjì ní láti ra méjèèjì. Owó ni.

Mo wá padà sí ọ̀rọ̀ ìwé ètò ìrìnàjò. Ní òru ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2009, ọkọ̀ Air France 447 ti Rio de Janeiro ń bọ̀ wá sí Paris, ènìyàn 228 ni ó wà nínú rẹ̀. Ìròyìn ìwádìí BEA, àjọ Faransé tí ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ òfurufú, sọ pé ìgbà mẹ́ta ni àwọn awakọ̀ náà gbìyànjú láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Dakar láti fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ibi tí wọ́n wà, ní aago 1:33, 1:35 àti 2:01, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀rọ sì kọ̀ wọ́n, nítorí pé ìwé ètò ìrìnàjò wọn kò sí nínú kọ̀ǹpútà Dakar. Lẹ́yìn aago 2:10, ọkọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé CPDLC ni ì bá gbà wọ́n. Yìnyín tí ó dí àwọn ọ̀pá tí ń wọn eré ọkọ̀ àti ohun tí àwọn awakọ̀ ṣe lẹ́yìn náà ni ìwádìí dá lé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wákàtí kọjá kí ilẹ̀ tó fara mọ́ ọn pé ọkọ̀ ti sọnù, ó sì gbà tó ọdún méjì kí wọ́n tó rí àpótí tí ń gba ìròyìn ọkọ̀ nísàlẹ̀ òkun. Sátẹ́láìtì wà. Ẹ̀rọ wà nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ wà nílẹ̀. Ìwé kan tí aládùúgbò kò fi lé aládùúgbò lọ́wọ́ ni kò sí.

Ohun tí mo rí gbá mú nínú ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Ibi tí CPDLC bá ti já mi kulẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ ààlà ni gbogbo ìgbà, ibi tí ibùdó kan ń fi wá lé ìkejì lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń pọ́n ẹ̀rọ tuntun lé lójú mi, ìbéèrè mi kì í ṣe bí ó ti yára tó. Mo máa ń bèèrè ohun tí yóò ṣe lójú ààlà, àti ẹni tí yóò sanwó rẹ̀.

Ẹ̀rọ tuntun pọ̀ lọ́nà. Àjọ tí ń rí sí òfurufú òde ní Yúróòpù, ESA, pẹ̀lú Inmarsat tí ó ti di ti Viasat báyìí, ti gbé ètò Iris kalẹ̀, èyí tí ó ń fi sátẹ́láìtì gbé àtẹ̀jíṣẹ́ lórí ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá, nítorí pé ìkànnì VHF tí ń gbé e níbẹ̀ ti ń kún bí ọjà Ọ̀ṣọ̀dì. EasyJet wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á sínú ọkọ̀. Kíkún yìí kì í ṣe àsọdùn: wọ́n ti gé ìkànnì ohùn kan sí mẹ́ta, láti 25 kHz sí 8.33, ìkànnì 760 di 2,280, kò sì tó síbẹ̀. LDACS, rédíò àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun tí òpó rẹ̀ wà nílẹ̀, ni èyí tí ó jìnnà jù nínú àbá wọn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí DLR ti Jámánì wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì ti gbé e fò nínú ọkọ̀ ní 2019. Yóò kúrò lórí VHF pátápátá lọ sí òkè, láàárín 960 sí 1164 MHz, yóò gbé ọ̀rọ̀ ní ìlọ́po púpọ̀ ju ti òní lọ, yóò sì ní ààbò nínú, kí ẹnikẹ́ni má lè ṣe bí adarí. Ààbò yìí ni mo fi yìn ín, nítorí pé lónìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ra rédíò kékeré kan lè wọ ìkànnì kí ó sì máa pàṣẹ fún mi, kò sì sí ohun tí yóò fi hàn pé kì í ṣe ojúlówó adarí bí kò ṣe etí mi. Ṣùgbọ́n DME, ẹ̀rọ tí ń sọ bí a ti jìnnà sí ibùdó tó, ti ń gbé ní àdúgbò ìgbì yẹn láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ní láti fi hàn pé àlejò kò ní da onílé láàmú. Ọkọ̀ tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ ra rédíò tuntun, kí ilẹ̀ náà sì ra òpó tuntun. Fún Jámánì, ó dára. Fún wa, n kò rí i ní ìgbésí ayé iṣẹ́ mi.

Èyí tí ó mú inú mi dùn gan-an ni ẹ̀kẹta, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn ènìyàn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Ní ìparí ọdún 2023, ìpàdé àgbáyé lórí pípín ìgbì rédíò, tí wọ́n ṣe ní Dubai, gbà pé kí sátẹ́láìtì máa lo ìkànnì VHF òfurufú kan náà tí à ń lò yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òpó rédíò yóò wà lójú ọ̀run. Adarí tí ó wà ní Niamey tàbí Dakar yóò sọ̀rọ̀, sátẹ́láìtì tí kò ga jù yóò sọ ọ́ sílẹ̀, èmi yóò sì gbọ́ ọ lórí àárín Sàhárà kedere bí ẹni pé Ìkẹjà ni mo wà. Startical, ilé-iṣẹ́ tí Indra àti ENAIRE ti Sípéènì jọ dá sílẹ̀, ti gbé sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń dán an wò lọ sókè ní 2025.

Wò ó dáadáa. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò ní ra nǹkan kan. Rédíò VHF tí ó wà nínú Boeing 737 àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ń fi ń ná Èkó sí Accra, rédíò tí ó wà nínú ọkọ̀ òfurufú kékeré tí ó ń gbé oògùn lọ sí abúlé, ohun kan náà ni, yóò sì ṣiṣẹ́. Gbogbo wa yóò tún máa gbọ́ ara wa, ìmọ̀ àjọní tí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà lọ́wọ́ wa yóò padà. Láti 2019 ni sátẹ́láìtì Iridium ti ń gbé ẹ̀rọ Aireon tí ó ń rí ọkọ̀ òfurufú níbikíbi láyé, kódà lórí òkun. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní kí adarí rí ọkọ̀ méjì tí wọ́n ń lọ kọlu ara wọn, kí ó má lè pè wọ́n kí ìṣẹ́jú kan tó pé? Rírí ti dé ṣáájú. Gbígbọ́ ni ó kù. Èmi kò sọ pé kò ní ìṣòro. Sátẹ́láìtì kan yóò máa gbọ́ agbègbè tí ó fẹ̀ gan-an, ohùn òpó tí ó wà nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn lórí ìkànnì kan náà lè dí i létí, eré tí ó ń sá sì ń yí ìgbì padà tí wọ́n fi ní láti tún un ṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìṣòro ẹlẹ́rọ ni ìwọ̀nyí, àwọn ẹlẹ́rọ yóò sì yanjú wọn. Òfurufú Áfíríkà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lò ó, kí àwọn ìjọba wa sì wà lórí ìjókòó nígbà tí wọ́n bá ń pín ìkànnì náà, dípò kí a dúró títí wọn yóò fi tà á fún wa.

CPDLC kò ní kúrò nígbà náà, n kò sì fẹ́ kí ó kúrò. Ọ̀rọ̀ gígùn, ọ̀nà tuntun, nọ́ńbà tí ó pọ̀, ohun tí ènìyàn lè fẹ́ tún kà, ìwé ni ó yẹ kí a fi rán wọn. Ohun tí ó bá yá kánkán, tàbí tí ó kan ẹni tí ó ju ẹyọ kan lọ, ohùn ni. Bí ilé-iṣẹ́ kan ní Naijiria bá bi mí bóyá kí ó fi CPDLC sínú ọkọ̀ rẹ̀, mo máa bèèrè ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ. Bí kò bá ju Abuja, Kano àti Port Harcourt lọ, kí ó fi owó náà tún rédíò VHF àti agbọ́rọ̀ àwọn awakọ̀ rẹ̀ ṣe. Bí ó bá ń kọjá Sàhárà tàbí òkun, kí ó rà á lónìí, kí ó sì yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó rí i dájú pé ìwé ètò ìrìnàjò dé gbogbo ibùdó tí ó wà lójú ọ̀nà kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ní òru tí mo fi bẹ̀rẹ̀, kí a tó fi 35,000 ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀, igbákejì mi ṣe ohun kan tí mo kọ́ ọ, tí àwa tí à ń fò lórí Áfíríkà ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ó yí rédíò kejì sí 126.9, ìkànnì tí awakọ̀ fi ń kéde ara rẹ̀ fún awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì sọ orúkọ wa, ọ̀nà tí a wà, gíga tí a ń kúrò àti èyí tí a ń lọ. Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn obìnrin kan dáhùn láti inú òkùnkùn níwájú, ó ní àwọn ń bọ̀ ní 36,000, lójú ọ̀nà kan náà, yóò sì tó ìdajì wákàtí kí a tó kọjá ara wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a gòkè, nígbà tí ó sì tó àkókò, a rí iná wọn kọjá lábẹ́ wa.